Ìwé Atọ́nà fún Òmùgọ̀ Ọmọ Amẹ́ríkà Tó Ti Padà Sílé

Ọlọ́gbọ́n kò nílò ìwé yìí. Ó ti ní ẹni tó ń bá a ṣírò owó. Ìwọ la kọ ọ́ fún. Ìwọ tó ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Texas títí ẹ̀yìn fi ń dùn ọ́, tó búra níwájú adájọ́, tó gba páspọ́ọ̀tì aláwọ̀ aró, tó wá kẹ́rù padà sí Bódìjà láti sinmi. Ìwọ tí wọ́n bí ní Baltimore nígbà tí bàbá rẹ ń kàwé lọ́hùn-ún, tí wọ́n sì gbé ọ wálé kó o tó hu eyín. Ìwọ tó ju gíríìnì káàdì sínú dúrọ́ọ̀, tó sì gbà pé dúrọ́ọ̀ tó o tì ti parí ọ̀rọ̀. Kò parí o. Níwọ̀n ìgbà tí o kò tíì kọ fọ́ọ̀mù I-407 láti fi dá a padà, asanwó-orí wọn ṣì ni ọ́.

Ohun tí a fẹ́ kọ́ ọ rọrùn: bí ẹni tí kò jẹ Amẹ́ríkà ní kọ́bọ̀ ṣe ń di ajigbèsè rẹ̀, láìjí owó ẹnikẹ́ni. Ìgbésẹ̀ mẹ́jọ ni. Òwe kan ṣoṣo ni kó o mú dání: bí a bá dákẹ́, tara ẹni a bá ni dákẹ́. Àwọn àgbà fi ń kìlọ̀ ni. Ìwọ ní tìrẹ, gbà á bí ìlérí.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Sọ pé òkun ti là yín

Máa wí fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ pé: "Ìbàdàn ni mò ń gbé, Ìbàdàn ni mo ti ń rówó, ìjọba Ọ̀yọ́ sì ń yọ owó-orí tirẹ̀ lóṣooṣù. Kí ló kan Amẹ́ríkà?" Ọ̀rọ̀ tó mọ́gbọ́n dání ni. Bí Nàìjíríà, Gánà, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti èyí tó pọ̀ jù nínú ayé ṣe ń gba owó-orí nìyẹn: ibi tí o ń gbé ni wọ́n ń wò. Páspọ́ọ̀tì rẹ ni Amẹ́ríkà ń wò. Orílẹ̀-èdè mìíràn tí òkìkí rẹ̀ kàn pé ó ń tẹ̀ lé ọmọ rẹ̀ kiri báyìí ni Eritrea, ìyẹn sì dúró lórí ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún.

Ìgbà ogun abẹ́lé wọn, láyé Abraham Lincoln, ni àṣà yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan sì ti béèrè ìbéèrè rẹ yìí ṣáájú rẹ. Cook lorúkọ rẹ̀, ọmọ Amẹ́ríkà tó fi Mẹ́síkò ṣe ilé, tí owó rẹ̀ sì ń ti Mẹ́síkò wá. Ó gbé agbowó-orí kan tó ń jẹ́ Tait lọ sílé-ẹjọ́. Lọ́dún 1924, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dá a lóhùn pé àǹfààní tí ìjọba ń ṣe fún ọmọ rẹ̀ kò parí sí ẹnu ààlà, nítorí náà agbára láti gba owó-orí lọ́wọ́ rẹ̀ kò parí síbẹ̀. Cook fìdí rẹmi. Òmùgọ̀ gidi kì í jẹ́ kí ìdájọ́ tó ti lé lọ́gọ́rùn-ún ọdún dí òun lọ́wọ́. Máa béèrè rẹ̀ lọ nídìí ọtí, níbi tí kò sí adájọ́.

Ìgbésẹ̀ kejì: Níwọ̀n bí o kò ti jẹ gbèsè, má kọ nǹkan kan

Orí ìgbésẹ̀ yìí ni gbogbo ìyókù dúró lé. Amẹ́ríkà mọ̀ pé ẹni tó ń gbé òkè òkun ń sanwó-orí níbẹ̀, wọ́n sì ti la ọ̀nà sílẹ̀. Ní 2025, ẹni tó bá kúnjú òṣùwọ̀n lè yọ $130,000 kúrò nínú owó iṣẹ́ tó gbà nílẹ̀ òkèèrè kí wọ́n tó ṣírò owó-orí rẹ̀. Ọ̀nà kan láti kúnjú òṣùwọ̀n ni pé kó o lo ọjọ́ 330 lóde Amẹ́ríkà láàárín oṣù méjìlá tó tẹ̀ léra. Ìwọ tó jẹ́ pé ìgbéyàwó àbúrò nìkan lo bá lọ síbẹ̀, o ti yege. Mélòó sì ni iṣẹ́ oṣù ní Ìbàdàn tó ń san $130,000 lọ́dún? Ọ̀nà kejì tún wà: owó-orí tí o san fún Nàìjíríà, o lè fi dín èyí tí o bá jẹ wọ́n kù.

Nítorí náà, òdo ni gbèsè rẹ. Ibí yìí ni òmùgọ̀ àti ọlọ́gbọ́n ti ń pínyà. Ọlọ́gbọ́n á kọ fọ́ọ̀mù 1040, ìwé owó-orí ọdọọdún, á fi 2555 tó ń béèrè ìyọkúrò yẹn tì í, á kọ òdo sí ìdí rẹ̀, á fi ránṣẹ́. Ìwọ á ní: "Òdo ni mo jẹ, kí wá ni mo fẹ́ kọ?" O kò rí i pé inú ìwé yẹn gan-an ni òdo náà ń gbé. Ẹni tí kò kọ ìwé kò tíì béèrè ìyọkúrò, ẹni tí kò sì béèrè, wọn kò tíì fún un. Bákan náà, ọdún mẹ́ta tí òfin sábà máa ń fún IRS, iléeṣẹ́ agbowó-orí Amẹ́ríkà, láti fi yẹ ìwé owó-orí wò kì í bẹ̀rẹ̀ àfi bí ìwé bá ti dé ọwọ́ wọn. Ọdún tí o kò kọ ìwé rẹ̀, kò sí ọjọ́ tó ń ti ilẹ̀kùn rẹ̀.

Àfikún méjì rèé fún ẹni tó fẹ́ gboyè kejì. Bí o bá ń ṣiṣẹ́ ara rẹ, ì báà ṣe aṣọ lò ń rán tàbí ìmọ̀ràn lò ń tà, ìyọkúrò $130,000 yẹn kò kan owó Social Security àti Medicare, ìyẹn owó ìfẹ̀yìntì àti ìtọ́jú ìlera àgbà wọn. Ìdá 15.3 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń gbà, èrè tó bá sì ti tó $400 ti wọ̀ ọ́. Àwọn orílẹ̀-èdè kan ti bá Amẹ́ríkà ṣàdéhùn kí èèyàn má bàa san irú owó yìí níbi méjì. Nàìjíríà kò sí nínú wọn, bẹ́ẹ̀ ni kò sí àdéhùn lórí owó-orí láàárín àwọn méjèèjì. Èkejì: bí ọkọ tàbí aya rẹ kì í bá ṣe ọmọ Amẹ́ríkà, tí ò ń kọ ìwé tìrẹ lọ́tọ̀, owó tó bá wọlé fún ọ lọ́dún tó bá ti tó $5, dandan ni kó o kọ ìwé. Dọ́là márùn-ún! Àmàlà èèyàn mélòó kan ti gbé e tán.

Gbèdéke wọn ni ọjọ́ 15 oṣù kẹrin. Wọ́n fún ẹ̀yin ará òkèèrè di ọjọ́ 15 oṣù kẹfà láìjẹ́ pé ẹ bẹ̀bẹ̀. Òmùgọ̀ á rò pé èlé náà ń dúró de oṣù kẹfà. Láti oṣù kẹrin ló ti ń gorí owó.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ka àkáǹtì rẹ lọ́kọ̀ọ̀kan, má rò wọ́n pọ̀

Òfin kan wà láti 1970 tó bí ìwé tí wọ́n ń pè ní FBAR. Bí àròpọ̀ owó tó wà nínú gbogbo àkáǹtì rẹ nílẹ̀ òkèèrè bá kọjá $10,000, ì báà ṣe ní ọjọ́ kan ṣoṣo láàárín ọdún, kó o ka gbogbo wọn fún ìjọba Amẹ́ríkà: orúkọ báńkì, nọ́ńbà àkáǹtì, iye tó pọ̀ jù tó wọ inú rẹ̀. Wọn kì í gba kọ́bọ̀ lórí rẹ̀. Kó o sọ ni wọ́n fẹ́. Ìdí nìyẹn tí òmùgọ̀ fi ń fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀.

Ìṣirò òmùgọ̀ nìyí. O ní $3,000 nínú àkáǹtì dọ́là, náírà tó tó $3,000 ní báńkì kejì, owó háyà ilé tó tó $2,500 ní ẹ̀kẹta, àti $2,000 tó o yà sọ́tọ̀ fún owó ilé-ìwé ọmọ. Kò sí èyí tó tó $10,000 nínú wọn, nítorí náà o ti bọ́. Pé àpapọ̀ wọn jẹ́ $10,500, ta ló bi ọ́?

Lẹ́yìn ìyẹn, gbàgbé àkáǹtì tí kì í ṣe tìrẹ. Òfin náà kò wá olówó nìkan. Ó tún ń wá ẹni tó lè fọwọ́ sí i kí owó jáde. Ìwọ ni akápò ẹgbẹ́ àwọn tẹ́ ẹ jọ kàwé. Ìwọ wà lára àwọn tó ń fọwọ́ sí sọ̀wédowó ṣọ́ọ̀ṣì fún gbọ̀ngàn tuntun. Orúkọ rẹ wà lórí àkáǹtì Màmá, torí pé ẹsẹ̀ ń dùn wọ́n, wọn kò lè máa tò ní báńkì. Gbogbo rẹ̀ ló ń lọ sínú FBAR, títí kan owó páànù ilé Olúwa. Bí o bá sọ èyí fún alága ìgbìmọ̀ ìkọ́lé, á ní o fẹ́ fi ṣọ́ọ̀ṣì lé Amẹ́ríkà lọ́wọ́. Nítorí náà, má sọ fún alága, má sì sọ fún Amẹ́ríkà.

Ní ti náírà, iye tí wọ́n ń ṣẹ́ dọ́là ní ìgboro lọ́jọ́ tó bá wù ọ́ ni kó o lò. Ọlọ́gbọ́n ló ń wá iye tí Ilé Ìṣúra Amẹ́ríkà kéde fún ìparí ọdún. Kó o sì fi FBAR sínú àpòòwé kan náà pẹ̀lú 1040. IRS kọ́ ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí. Iléeṣẹ́ mìíràn tó ń jẹ́ FinCEN ló ń gbà á, lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Aṣíwájú rere wà fún ọ. Alexandru Bittner, ọmọ Romania, lọ sí Amẹ́ríkà, ó di ọmọ ìlú, ó sì padà sílé lọ́dún 1990 lẹ́yìn tí ìjọba Kọ́múníìsì wó. Okòwò rẹ̀ búrẹ́kẹ́. Kò mọ̀ pé ó yẹ kóun máa kọ FBAR. Nígbà tó mọ̀, òun fúnra rẹ̀ kọ ti ọdún márùn-ún tó ti kọjá. Ìjọba ka àkáǹtì tó wà nínú ìwé márààrún, ó jẹ́ 272, wọ́n bu $10,000 lé ọ̀kọ̀ọ̀kan: $2.72 mílíọ̀nù, láìsí ẹ̀sùn pé ó mọ̀ọ́mọ̀. Lọ́dún 2023, adájọ́ márùn-ún nínú mẹ́sàn-án ní Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní iye ìwé ni kí wọ́n kà, kì í ṣe iye àkáǹtì. Ó bọ́ sí $50,000. Ẹni tó borí nìyẹn o! Ní ti ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ dákẹ́, ìtanràn rẹ̀ lè gbé ìdajì owó inú àkáǹtì lọ, tàbí iye tó ju $100,000, èyí tó bá pọ̀ jù.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Fàmì sí "Rárá" ní báńkì

Ní 2009, UBS, báńkì ńlá ilẹ̀ Switzerland, gbà láti san $780 mílíọ̀nù lórí bó ṣe ń bá àwọn olówó Amẹ́ríkà fi owó pamọ́. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Obama fọwọ́ sí òfin FATCA. Àwọ̀n tí wọ́n hun de àbùùbùtán ló wá gbé ẹ̀yin ẹja wẹ́wẹ́. Ohun tí òfin náà sọ fún báńkì gbogbo ayé ni pé: ẹ wá ọmọ Amẹ́ríkà tó ń bẹ lọ́dọ̀ yín, kẹ́ ẹ dárúkọ wọn fún wa, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, a ó máa yọ ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún lára owó tó bá ń ti ọ̀dọ̀ wa bọ̀ wá bá yín. Báńkì wo ní Marina ló fẹ́ gbọ́ irú ìyẹn?

Nítorí náà, nígbà tí wọ́n bá gbé fọ́ọ̀mù àkáǹtì sí iwájú rẹ, tó sì béèrè bóyá ọmọ Amẹ́ríkà ni ọ́, fàmì sí "Rárá" láìmikàn. Páspọ́ọ̀tì Nàìjíríà ni o kúkú mú wá. Pé wọ́n kọ Baltimore síbẹ̀ bí ibi tí wọ́n ti bí ọ, pé nọ́ńbà fóònù tí o kọ sílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú +1, ìyẹn kò ṣe nǹkan kan. Àwọn àmì yẹn gan-an ni òfin náà ní kí báńkì máa wò. Àǹfààní "Rárá" yìí pọ̀ fún òmùgọ̀: tẹ́lẹ̀, o lè sọ pé o kò mọ̀. Ní báyìí, o ti fọwọ́ ara rẹ kọ ẹ̀rí sílẹ̀ pé o mọ̀.

Bí owó rẹ bá tún pọ̀ díẹ̀, FATCA ní fọ́ọ̀mù tirẹ̀, 8938. Ẹni tó ń gbé òkè òkun, tó ń dá kọ ìwé owó-orí rẹ̀, gbọ́dọ̀ kọ ọ́ bí ohun ìní rẹ̀ ní báńkì àti ní ìpín òwò nílẹ̀ òkèèrè bá ju $200,000 lọ nígbà tí ọdún parí, tàbí $300,000 nígbàkígbà láàárín ọdún. Ìtanràn $10,000 ló ń bẹ̀rẹ̀. Àkáǹtì tó wà nínú FBAR lè tún wà nínú èyí. Òmùgọ̀ á kọ ọ̀kan, á ní òun ti kọ méjèèjì.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Fi owó rẹ ṣe ohun tí aládùúgbò ń fi tirẹ̀ ṣe

Aládùúgbò rẹ ra mutual fund ní Èkó, èrè rẹ̀ dára. Ìwọ náà rà. Lójú IRS, PFIC ni irú rẹ̀ ń jẹ́, fọ́ọ̀mù 8621 ló ń tẹ̀ lé e. Bí o kò bá yan ọ̀nà mìíràn lásìkò, iye owó-orí tó ga jù lọ ni wọ́n fi ń ṣírò èrè rẹ̀, pẹ̀lú èlé lórí àwọn ọdún tó ti kọjá.

Aládùúgbò rẹ forúkọ iléeṣẹ́ sílẹ̀ ní CAC. Ìwọ náà ṣe bẹ́ẹ̀, ìwọ nìkan lo ni ín, kò tíì pa kọ́bọ̀ wọlé. Fọ́ọ̀mù 5471 ni tìyẹn. Bí o kò bá kọ ọ́, $10,000 lọ́dún kọ̀ọ̀kan. Òwò tí kò mówó wá rí ti wá ní gbèsè dọ́là.

Bàbá relé, wọ́n pín ogún, ìpín tìrẹ ju $100,000 lọ. Kò sí owó-orí lórí ogún náà, ṣùgbọ́n fọ́ọ̀mù 3520 wà. Ẹni tí kò bá kọ ọ́ lásìkò lè san ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ogún náà lóṣù kan, títí dé ìdá 25. Mọ̀lẹ́bí tẹ́ ẹ jọ ń jà lórí ilẹ̀ kò tilẹ̀ mọ̀ pé ẹlòmíì ń dúró de ìpín.

Ohun kan dẹrùn: ilé tó wà lórúkọ ìwọ fúnra rẹ kò ní í wọ fọ́ọ̀mù 8938. Gba èyí mú, kó o wá fi dá ara rẹ lójú pé owó háyà tó ń ti inú rẹ̀ jáde náà kò sí. Inú 1040 ló ń lọ.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Má sọ fún ọmọ

Oyún lo gbé lọ sí Houston. O bímọ, o gba páspọ́ọ̀tì fún un, ẹ padà sí Lekki kí wọ́n tó sọ ọ́ lórúkọ lẹ́ẹ̀kejì fún ẹbí. Àtúnṣe kẹrìnlá sí ìwé òfin wọn, ti 1868, ló sọ ọmọ náà di ọmọ ìlú. O ń pè é ní ẹ̀bùn, ẹ̀bùn sì ni. Ẹ̀yìn ẹ̀bùn náà ni kó o má ṣe kà fún un. Jẹ́ kó dàgbà, kó rí iṣẹ́, kó lówó, kó fẹ́ ìyàwó, kí báńkì ló kọ́kọ́ sọ fún un.

Kì í ṣe òun nìkan. Boris Johnson, tó padà wá di olórí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, New York ni wọ́n bí i sí ní 1964, kékeré ló sì ti kúrò níbẹ̀. Ó ta ilé ní London. Òfin Gẹ̀ẹ́sì kì í gba owó-orí lórí èrè ilé tí èèyàn fi ń ṣe ibùgbé. Ti Amẹ́ríkà ń fojú fo $250,000 àkọ́kọ́, ó ń mú ìyókù. Ní 2014, nígbà tó jẹ́ Mayor ìlú London, ó ní òun kò ní í san. Nígbà tí 2015 fi bẹ̀rẹ̀, ó ti san. Ní 2016, ó dá ìwé ọmọ ìlú wọn padà. Ẹni tó ní lọ́yà tó yẹn san. Ìwọ, sọ fún ọmọ rẹ pé kó má dá wọn lóhùn.

Ìgbésẹ̀ keje: Fi ìbínú dá páspọ́ọ̀tì padà

Nígbà tí o bá gbọ́ gbogbo èyí, inú á bí ọ, wàá ní: "Kí wọ́n gba páspọ́ọ̀tì wọn!" Ọ̀fẹ́ ni dídá a padà kí 2010 tó dé, ọdún náà ni wọ́n fi $450 lé e, nígbà tó di 2014 wọ́n gbé e dé $2,350. Ìbínú kò sì pa ọdún tó ti kọjá rẹ́. Fọ́ọ̀mù 8854 wà ní ẹnu ọ̀nà. Ó ní kó o búra pé ìwé owó-orí ọdún márùn-ún tó ṣáájú pé. Bí o kò bá lè búra bẹ́ẹ̀, wọn á kà ọ́ mọ́ àwọn tó ní $2 mílíọ̀nù tó ń sá lọ, bí o tilẹ̀ jẹ́ pé Mícrà àti ilé oníyàrá mẹ́ta nìkan lo ní láyé.

Bí o kò bá dá a padà, wọ́n lè gbà á. Òfin 2015 sọ pé ẹni tí gbèsè owó-orí rẹ̀ bá ju $50,000 lọ, pẹ̀lú ohun tí wọ́n ń fi kún un lọ́dọọdún nítorí ọ̀wọ́n ọjà, ìjọba lè kọ̀ láti fún un ní páspọ́ọ̀tì, tàbí kí wọ́n gba èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Má fojú kan ọ̀nà àbáyọ

Èyí ló le jù, torí pé ọ̀nà náà ṣí sílẹ̀ gbayawu. Wọ́n ń pè é ní Streamlined. Ọmọ Amẹ́ríkà tó ń gbé òkè òkun, tí kò mọ̀ọ́mọ̀ fi nǹkan pamọ́, á kọ ìwé owó-orí ọdún mẹ́ta tó ti kọjá àti FBAR ọdún mẹ́fà. Á fi fọ́ọ̀mù 14653 ṣàlàyé bó ṣe ṣẹlẹ̀, á san owó-orí tó bá jẹ pẹ̀lú èlé rẹ̀, ó parí. Kò sí ìtanràn. Ẹni tí gbèsè rẹ̀ jẹ́ òdo á kọ òdo lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ohun kan ló ń ti ọ̀nà náà: bí IRS bá ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ìwé rẹ wò kó o tó débẹ̀. Nítorí náà, kó o rọra máa dúró dè wọ́n.

Bí o ṣe ń dúró, máa sọ pé òfin tó ń fi owó-orí tẹ̀ lé ọmọ Amẹ́ríkà kiri ayé kò dára. Òótọ́ ni. Èèyàn pọ̀ tó gbà pẹ̀lú rẹ. Donald Trump pàápàá, nígbà tó ń polongo ìbò ní 2024, ṣèlérí pé òun yóò fòpin sí owó-orí ẹlẹ́ẹ̀mejì tó ń bá ọmọ Amẹ́ríkà lókè òkun. Ṣùgbọ́n "kò dára" yàtọ̀ sí "kò kàn mí," iṣẹ́ òmùgọ̀ sì ni láti pa wọ́n pọ̀. Ọlọ́gbọ́n ń bínú sí òfin náà lẹ́yìn tó bá ti fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ tán.

Paríparí rẹ̀, má yí àdírẹ́sì rẹ padà lọ́dọ̀ wọn. Lójú òfin, lẹ́tà tí IRS bá fi ránṣẹ́ sí àdírẹ́sì tó gbẹ̀yìn tí wọ́n mọ̀ mọ́ ọ ti dé ọwọ́ rẹ, ì báà jẹ́ pé àjèjì ló ń gbé ilé náà báyìí. Bó bá jẹ́ ìwé tó ń sọ pé owó-orí rẹ kò pé, ọjọ́ 90 lo ní láti gbé e lọ sí ilé-ẹjọ́ owó-orí; 150 ni fún ẹni tó wà ní òkè òkun. Ìwọ tí kò sọ fún wọn pé o ti wá sí òkè òkun, ọjọ́ náà lè ti pé kí ẹnikẹ́ni tó pè ọ́ pé lẹ́tà rẹ wà nílẹ̀.